Erùpẹ̀ Ìnísà

Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ máa ń sinmi, ẹ bi í léèrè bóyá òun fúnra rẹ̀ ti bímọ rí. Sàfúrátù, ìyàwó Bùsàrí tí ń ta páátì mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré, ní Tampouy, kò sinmi rárá. Ọjọ́ Sátidé ni ó bí ọmọbìnrin kan ní maternité, ilé ìgbẹ̀bí, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n gbé e padà sílé ní àdúgbò Gounghin, láti ìgbà náà oorun kò kan ojú rẹ̀. Bí ó bá jókòó, á dìde. Bí ó bá dìde, á lọ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, á tún padà wá síbi ẹní, á ṣí aṣọ ara ọmọ, á wo ìdodo rẹ̀. Ìwọ́ ṣì wà níbẹ̀, ó ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni fi kàn án. Á bò ó padà. Kò ní pẹ́ tí yóò tún fi ṣí i.

Àwọn tó ń wá kí i pé ẹ kú ewu, ẹ kú ọwọ́ lómi, rò pé ìfẹ́ ọmọ ló ń gùn ún. Ìfẹ́ ọmọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àbí ta ni kò fẹ́ ọmọ? Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ gan-an ni Sàfúrátù ń ṣọ́.

Kí ẹ má tíì bú Ìyá o. Mo mọ̀ yín, tí a bá ti dárúkọ ìyá ọkọ báyìí, ẹ ti di àmùrè nù un. Àríkẹ́, ìyá Bùsàrí, kì í ṣe irú wọn. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ó ti tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá sí Ouagadougou, tí àwa ń pè ní Wágà, láti Ìnísà. Ọkọ kú, ó dúró ti ọmọ. Nígbà tí Bùsàrí gbé Sàfúrátù wálé, ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà Mósì, tí ó ń fi Faransé di àlàfo inú Yorùbá rẹ̀, àwọn obìnrin àgbolé ń fi í rẹ́rìn-ín. Ìyá ló dá wọn lẹ́kun. “Ẹ fi í sílẹ̀,” ó ní. “Yorùbá rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ni.” Ó máa ń yọ ẹran inú àwo tirẹ̀ sínú ti ìyàwó. Sàfúrátù kò ní ìyá mìíràn láyé mọ́, òun náà ló kù fún un.

Agolo ìpara kékeré kan wà tí Ìyá ń tọ́jú sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Erùpẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, erùpẹ̀ tí wọ́n bù lẹ́bàá ògiri ilé bàbá ọkọ rẹ̀ ní Ìnísà, níbi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń lọ sílé, Ìyá á bẹ̀ ẹ́ kí ó bu díẹ̀ bọ̀. Bí wọ́n bá bímọ fún un ní Wágà, á po erùpẹ̀ náà mọ́ òrí, á máa fi lé ìwọ́ ọmọ lójoojúmọ́ títí tí ìwọ́ yóò fi já, tí ojú ibẹ̀ yóò sì fi jinná. Ìdí rẹ̀ ni pé kí ọmọ tí a bí sí àjò má baà gbàgbé ilé, kí ara rẹ̀ mọ̀ pé ìlú kan wà tí ó ni òun. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sílùú yín, ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń fi Faransé bá a jiyàn, tí kò sì mọ oríkì bàbá rẹ̀, kò ní bá yín rẹ́rìn-ín.

Ọmọkùnrin méjì ni Sàfúrátù ti bí ṣáájú èyí. Èkínní mu ọyàn dáadáa fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹnu rẹ̀ kọ̀, kò là mọ́. Ara rẹ̀ le gbagidi, bí ẹnikẹ́ni bá sì fọwọ́ kàn án, á gbọ̀n. Ọjọ́ keje ni wọ́n sin ín, kò tíì lórúkọ. Èkejì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn ará àdúgbò ní àbíkú ni. Bùsàrí ní kádàrá ni, ó yí sórí ìrun. Ìyá sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ó ní ilẹ̀ àjèjì ni kò fẹ́ wọn, ó sì ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n tún bu erùpẹ̀ wá.

Ìgbà tí oyún kẹta pé oṣù mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ yí padà. Agbẹ̀bí kan wà ní maternité tí wọ́n ń pè ní Monique, obìnrin Mósì tí kì í sọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó bi Sàfúrátù pé kí ni wọ́n fi sí ìwọ́ àwọn méjì tó lọ. Sàfúrátù ṣàlàyé. Monique gbé bíìkì tó fi ń kọ̀wé sílẹ̀.

“Ilẹ̀? Ilẹ̀ ibi tí ewúrẹ́ ń yàgbẹ́ sí?”

Ó ní àrùn kan wà tí ń gbé inú ilẹ̀, tétanos, ojú ọgbẹ́ ló ń gbà wọlé, òun ló ń di ọmọ lẹ́nu. Ìwọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ọgbẹ́ ni. Ó gún Sàfúrátù lábẹ́rẹ́, ó fún un ní oògùn pupa nínú ìgò kékeré. “Madame, àfi oògùn yìí. Nǹkan mìíràn kò gbọdọ̀ kan ìwọ́ ọmọ yìí. Ṣé ẹ gbọ́?”

Sàfúrátù gbọ́, ó tilẹ̀ gbọ́ ju ohun tí Monique sọ lọ. Ó ń rìn bọ̀ wálé nínú ẹrẹ̀, kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀. Ọwọ́ Ìyá ni. Ọwọ́ tí ń yọ ẹran fún un nínú àwo yẹn náà ni. Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ fún ìyá ọkọ ẹni pé ẹ̀yin ni ẹ pa ọmọ mi méjèèjì, ìfẹ́ ni ẹ sì fi pa wọ́n? Kò mọ̀ ọ́n sọ ní Yorùbá, kò mọ̀ ọ́n sọ ní Mooré, èdè ìyá rẹ̀, Faransé tí ó kà nílé ìwé kò sì kọ́ ọ. Kò lè sọ fún Bùsàrí, nítorí Bùsàrí kì í lè fi ọ̀rọ̀ sínú kó tutọ́ funfun jáde, ojú ẹsẹ̀ ni yóò sọ fún ìyá rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn. Sàfúrátù gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́nà.

Ní ọjọ́ Àìkú tí wọ́n gbé ọmọ délé, Ìyá ti gbé omi kaná sílẹ̀, ó ti yọ agolo síta, ó ń kọrin. Irọ́ ló bọ́ lẹ́nu Sàfúrátù.

“Ìyá, ẹ má bínú o. Révolution ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sí ìwọ́ ọmọ mọ́. Àwọn CDR ń wọlé kiri, wọ́n ń yẹ ìdodo ọmọ wò.”

Ẹ wò ó, irọ́ yẹn kò burú tó bí ẹ ṣe rò. Lọ́dún 1984 yẹn, kí ni èèyàn lè sọ pé Révolution, ìjọba tuntun ìgbà yẹn, sọ tí a ò ní gbà gbọ́? Oṣù tó ṣáájú ni wọ́n yí orúkọ orílẹ̀-èdè padà, a sùn ní Haute-Volta, a jí ní Burkina Faso. Wọ́n ní ká gbá ìgboro, a gbá a. Àwọn CDR, ìyẹn ìgbìmọ̀ àdúgbò tí ń bá Révolution ṣọ́ ìlú, ń gbé ìbọn kọ́ èjìká bí wọ́n ṣe ń bi wá ní ìbéèrè. Èwo wá ni ti ìdodo?

“Ìdodo kẹ̀?” Ìyá pariwo. “Ìdodo ọmọ mi ni wọ́n fẹ́ máa wá yẹ̀ wò? Ṣé wọn ò níṣẹ́ ni?” Ó bú wọn, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ ló fi bú wọn, torí ògiri létí. Ó dá agolo padà sábẹ́ ìrọ̀rí.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyọnu ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí Ìyá bá ń wẹ ọmọ, Sàfúrátù á kúnlẹ̀ tì í, á fi aṣọ funfun bo ìdodo ọmọ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Bí Ìyá bá wọ yàrá rẹ̀ lọ, etí Sàfúrátù á nà, ó ń tẹ́tí sí ìró ìdérí agolo. Wọ́n ní kí ó jẹun, ó ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Wọ́n ní kí ó lọ wẹ̀, kò lò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ó ti sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ létí. “Ìyá ìkókó, ta ló ń lé ọ?” Ìyá á bi í. Sàfúrátù á rẹ́rìn-ín músẹ́, á gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọmọ kọ ọyàn.

Ọjọ́ karùn-ún nìyẹn. Sàfúrátù fi orí ọmú kan ọmọ lẹ́nu, ọmọ yí ojú kúrò. Ó tún fi kàn án, ọmọ pa ẹnu dé. Háà! Ara Sàfúrátù gbóná, ó tún tutù. Ó ń wo ọwọ́ ọmọ bóyá ó le, ó ń wo ẹsẹ̀. Ṣé mo sùn ni? Ṣé ìgbà tí mo lọ wẹ̀ ni Ìyá fi sí i? Ó ti ìka bọ ọmọ lẹ́nu, ó ń wá ibi tí egungun àgbọ̀n ti dì. Ọmọ fẹnu mú ìka náà, ó fà á mu, ó ṣe òsúkè, ó pọ̀ wàrà funfun sí i lọ́wọ́. Ó ti yó ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sàfúrátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá tó wọlé bá a bẹ́ẹ̀ ní orí rẹ̀ ti fẹ́ dàrú, ó lọ po ògì gbígbóná fún un.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bùsàrí dé pẹ̀lú ìròyìn tí rédíò ti ń pariwo. Révolution ní lọ́jọ́ Sátidé, kí gbogbo obìnrin jókòó sílé. Àwọn ọkùnrin ni yóò lọ sọ́jà, àwọn ni yóò se oúnjẹ, kí wọ́n lè mọ ohun tí ojú obìnrin ń rí.

“Sátidé yìí?” Ìyá ní. “Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ mi? Ìwọ Bùsàrí, o mọ ata yàtọ̀ sí tòmátì?”

“Ìyá, kí ló dé tí ẹ ń sọ báyìí? Mo ń ta páátì oríṣi ọgọ́rùn-ún, ata ni n ò ní mọ̀?”

“A ó rí i.”

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Ìyá fúnra rẹ̀ kò fararọ. Ó gbé ọmọ lé itan, ó ń mi orí. “Ìwọ́ yìí kò já o. Ọ̀la la fẹ́ fún un lórúkọ. Èyí tí a ò bá so mọ́lẹ̀, ibo ni yóò dúró sí?” Ó bojú wo ọmọ. “Mo ti mú orúkọ tèmi. Málọmọ́ ni màá pè é. O ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó tó. O gbọ́? Má lọ mọ́.” Omi lé ròrò sí i lójú. Sàfúrátù fẹ́ sọ ọ́ nígbà náà. Ẹ̀rù bà á.

Ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Àwọn ọkùnrin Gounghin gbé agbọ̀n, wọ́n so àpò mọ́ mobilẹ́ẹ̀tì, àwọn ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ẹni tí ń gún nǹkan, kò sí ẹni tí ń fẹ́ná. Sàfúrátù fẹ̀yìn ti ògiri, ó gbé ọmọ sáyà, ó ní kí òun ṣáà pa ojú dé díẹ̀ kí ojú tó ń ta òun lè sinmi. Oorun ọjọ́ mẹ́jọ gbé e lọ.

Ìgbà tí ó ta jí, òfìfo ni ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ẹní, kò sí ọmọ. Ó sáré wọ yàrá Ìyá, ó gbé ìrọ̀rí, kò sí agolo. Bí ó ṣe dé ẹ̀yìnkùlé ni kò mọ̀.

Ìyá jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ wà lórí itan rẹ̀, omi ìwẹ̀ ṣì ń kán lára rẹ̀. Ìwọ́ ti já, ó wà nínú ọpọ́n kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ, ojú ìdodo ọmọ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Òrí wà ní àtẹ́lẹwọ́ òsì Ìyá. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú agolo.

“Má foyà,” Ìyá ní, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. “Wọ́n ti kó gbogbo CDR lọ sọ́jà. Ta ni yóò rí wa?”

“Ìyá, ẹ fi sílẹ̀!” Igbe ni Sàfúrátù fi ta. “Òun ló pa wọ́n! Ilẹ̀ yẹn ló pa àwọn ọmọ mi!”

Ó já ọmọ gbà, ó fi ọmọ tútù náà mọ́ àyà. Ẹnu tí ó ti dì láti oṣù mẹ́ta tú. Ó sọ ohun tí Monique sọ, gbogbo rẹ̀ pátá. Níbi tí Yorùbá bá ti tán, ó fi Faransé bá a lọ, níbi tí Faransé bá dópin, ó fi Mooré kún un. Ìyá ń wò ó lẹ́nu. Ìka rẹ̀ kò kúrò nínú agolo.

Nígbà tí Sàfúrátù dákẹ́, Ìyá yọ ọwọ́, ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀. Ó dé agolo. “Lọ fún ọmọ lọ́yàn,” ó ní. Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ìlẹ̀kùn.

Ẹ wá wo ìrìn àrìnká. Sàfúrátù lọ sí ẹnu ìlẹ̀kùn yẹn, ó padà, ó tún lọ. Kò gbọ́ ẹkún. Ìbá sàn kí ó gbọ́ ẹkún. Kí ni mo ṣe yìí? Ó kan ìlẹ̀kùn, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́.” Ìlẹ̀kùn kò ṣí. Ọmọ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, ìyá ti bọ́ sínú rẹ̀.

Àwọn ọkùnrin dé pẹ̀lú òógùn. Bùsàrí ra ilá tí ó ti gbó tí ọ̀bẹ kò ràn án, ó ra káún ó pè é ní iyọ̀, ó ra sùḿbàlà, irú àwọn Mósì, tí yóò tó ọmọ ogun jẹ. Ẹ̀fín bo àgbolé, àwọn ọkùnrin ń húkọ́, àwọn obìnrin ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé “barka, barka, ẹ kú iṣẹ́!” Sàfúrátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìrun alásàrì ni Alfa Láwàlì dé tí wọ́n tẹ́ ẹní. Ìlẹ̀kùn Ìyá ṣí. Ó wọ aṣọ funfun, ó jókòó síbi tí ìyá bàbá ọmọ ń jókòó, kò wo ẹnikẹ́ni. Alfa sọ ọ́ sí ọmọ létí pé Mariama ni orúkọ rẹ̀. Ó yíjú sí Ìyá. “Ìyá wa, kí ni orúkọ tiyín?”

Gbogbo ilé ló ti mọ̀ ọ́n. Bùsàrí tilẹ̀ ti ń mi orí kí ó tó gbọ́. Ìyá gbójú sókè wo ọmọ.

“Ayọ̀ọlá.”

“Ìyá, Málọmọ́ ńkọ́?” Bùsàrí bi í.

“Mo ní Ayọ̀ọlá. Ṣé ọjà lo gbàgbé etí rẹ sí ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣe àmín, wọ́n jẹ ẹran àgbò, wọ́n fi ilá sílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àlejò tú, Ìyá pe Sàfúrátù sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ti gbẹ́ kòtò kékeré sídìí igi máńgòrò. Ó gbé ìwọ́ ọmọ sínú rẹ̀. Agolo wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mo bí mẹ́sàn-án,” ó ní. “Bùsàrí àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ìnísà ni mo bí wọn sí. Ẹnikẹ́ni ò fi erùpẹ̀ sí wọn nídodo. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀, ṣé wọ́n tún ń bu ilẹ̀ fún un ni? Àwọn méjèèjì yè é. Méje ni mo bí síbí.” Ó wo kòtò náà. “Márùn-ún ò pé ọjọ́ mẹ́jọ.”

Sàfúrátù gbá ọmọ mọ́ àyà.

“Bí ọ̀kan bá kú, tí òmíràn dé, ńṣe ni mo ń fi kún un. Mo ní bóyá èyí tí mo fi síbẹ̀ kò tó ni.”

“Ìyá, ẹ ò mọ̀.”

“N ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo bú wọn, Sàfú. Mo pè wọ́n ní àbíkú. Èyí ìkẹta, mo jẹ́ kí wọ́n fi abẹ sàmì sí i lára kí wọ́n tó sin ín, kí ojú lè tì í láti padà wá. Wọn ò lọ síbì kankan. Àwa la lé wọn. Ẹnu wo ni màá fi wá sọ fún èyí pé kó má lọ mọ́?”

Ó da erùpẹ̀ Ìnísà lé ìwọ́ lórí, gbogbo rẹ̀, ó gbọn agolo títí kò fi ku nǹkan kan. Ó fi ilẹ̀ Gounghin bò ó, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

“Bu omi sí mi lọ́wọ́. Fún mi lọ́ṣẹ.”

Ó fọ̀ ọ́, ó fọ abẹ́ èékánná, ó ní kí Sàfúrátù tún bu omi. Ó tún fọ̀ ọ́. Nígbà kẹta, ó gbé ọwọ́ náà sókè.

“Ṣé ó ti mọ́?”

“Ó ti mọ́, Ìyá.”

“Wò ó dáadáa.”

Sàfúrátù wò ó dáadáa. Ó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó wọlé lọ, ó sì sùn.